Thermostat ilé òyìnbó fún òròmọdìẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọmọ adìẹ mi tó dé

Ìyá Bùrọ́ílà (Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Chicago kó kúrò nílé tó háyà tẹ́lẹ̀. Ó tú thermostat tó fowó ara rẹ̀ rà kúrò lára ògiri, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí mi. Ó rí roboto, ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ó ní òun ni wọ́n fi ń darí ooru ilé lọ́hùn-ún nígbà òtútù, pé orí fóònù lèèyàn ti lè máa wo bí ilé ṣe gbóná tó, kódà bó bá wà níbi iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. 300 òròmọdìẹ mi máa dé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tí mo kó kẹ́yìn, inú oṣù Keje ni, òjò ò sì dá. Ìkòkò èédú mẹ́ta ni mo gbé sínú ilé wọn. Mo yẹ̀ wọ́n wò ní aago méjì òru, èédú ṣì pọ́n dáadáa. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo máa jí, ilẹ̀ ti ń mọ́, ìkòkò méjì ti kú, àwọn ọmọ adìẹ ti gun ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan bí òkìtì. Àwọn tó wà lókè ń ké. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ara wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ka 41. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi ra gílóòbù pupa 250 watt mẹ́rin. Mo fẹ́ kí thermostat yìí máa tàn wọ́n kó sì máa pa wọ́n fúnra rẹ̀. Ṣé yóò ṣiṣẹ́? Bí kò bá ní ṣiṣẹ́, irú èwo ni kí n rà?

Oníná Láfẹ́ńwá

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì so ó mọ́ iná kankan.

Irú thermostat ara ògiri Amẹ́ríkà yìí kì í gbé iná ilé. Iná 24 volt ló ń lò. Inú ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lọ́hùn-ún, transformer kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sọ 120 volt tiwọn di 24, wáyà tín-ín-rín ló sì ti ibẹ̀ wá sára ògiri. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí àwọn lẹ́tà bíi R, W, Y, G àti C. R ló ń gbé 24 yẹn wá. W ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó dáná. Iṣẹ́ thermostat kò ju kó so R mọ́ W lọ, ẹ̀rọ á ṣe ìyókù. Bí ẹ bá ki 230 volt tiwa bọ ibẹ̀, á jóná lójú ẹsẹ̀, ó sì lè ran ilé.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ ra transformer 24 volt àti relay (súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa), kí ẹ fi thermostat darí relay, kí relay wá tan gílóòbù. Ó ṣeé ṣe, mo lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé òun ló yẹ òròmọdìẹ. Kí àwọn tó ń lò ó lókè òkun sọ bó ṣe ń hùwà.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds

Ẹ kú alẹ́, Mọ́mì. Àṣẹ̀rò ni wọ́n bí mi sí, ọdún kẹsàn-án mi rèé níbí, mo sì ní irú rẹ̀ lára ògiri. Oníná ti sọ ti wáyà. Èmi fẹ́ sọ ti ìwà rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún yín.

Àkọ́kọ́, èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Níbí, ilé tó bá ti wà láàárín 18 sí 21 lórí ìwọ̀n Celsius ti tó fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Nest, thermostat ilé iṣẹ́ Google, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni àbúrò yín fi ránṣẹ́ torí pé roboto lòun náà, kì í jẹ́ kí èèyàn gbé e kọjá 32. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ń fẹ́ ju 32 lọ. Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti dé òpin.

Èkejì, inú rẹ̀ níbẹ̀ ni ohun tó fi ń mọ ooru wà. Ara ògiri lẹ máa gbé e kọ́, ibi tí orí èèyàn dé. Àwọn ọmọ adìẹ wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù jù. Ó máa ń wò ó bóyá èèyàn wà nílé. Bí kò bá rí ẹni tó ń kọjá, tí fóònù yín náà ò sì sí nítòsí, á gbà pé ẹ ti jáde, á sì dín ooru kù kí owó má bàa ṣòfò. Lọ́jọ́ kan tá a lọ kí ará wa ní London, nígbà tá a dé, ilé ti tutù bí omi odò. Àwa wọ súwẹ́tà, ó parí. Ọmọ adìẹ ò ní súwẹ́tà. Wọ́n lè pa ìwà yìí lórí fóònù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò ní fi 300 ẹ̀mí sábẹ́ nǹkan tí mo ní láti máa rántí pé kí n pa.

Ìyá Bùrọ́ílà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá dá a padà fún àbúrò mi, kó fi sílé tuntun rẹ̀. Ẹ wá bá mi sọ èyí tí màá rà. Ẹnì kan ní Pańṣẹ́kẹ́ fi méjì hàn mí: ọ̀kan kékeré tí kò ní ju nọ́ńbà pupa lójú, tí wọ́n kọ STC-1000 sí, àti ọ̀kan tó ń lo Wi-Fi. Owó wọn jìnnà síra.

Bàbá Èédú (Àṣẹ̀rò)

Ẹ má bínú sí mi o. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń sin adìẹ, èédú ni mo ń lò. Ìkòkò àmọ̀, èédú gidi, kí èèyàn má sùn. Kì í ṣe wáyà ló pa àwọn 41 yẹn, oorun ló pa wọ́n. Iná tí wọ́n ń mú lọ nígbà tó wù wọ́n yìí, ṣé òun lẹ fẹ́ gbé ẹ̀mí adìẹ lé?

Ẹlẹ́yẹ Àlàbàtà

Bàbá, mo kí yín. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo kọ́ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, oko ni mo sì wà báyìí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín: iná kì í dúró. Ṣùgbọ́n èédú tó ń jó nínú ilé tí a fi tápólì bò yí ká máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí kò ní òórùn, tí ojú ò sì rí. Ó ń pa ọmọ adìẹ, ó sì ti pa èèyàn tó sùn tì í. Bẹ́ẹ̀ ni èédú kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ó gbóná jù, aago mẹ́rin ìdájí ó tutù jù.

Ìyá wa, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ọmọ adìẹ kò lè dá ara rẹ̀ mú gbóná fún bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìhùùhù ara rẹ̀ kì í ṣe ìyẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 33 sí 35, kó tó parí ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí 32. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ bíi 3 kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: 29, 26, 23. L'Ábẹ́òkúta, láti ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sán fúnra rẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Òru àti ìdájí nìkan ni gílóòbù á máa tàn. Nígbà ọyẹ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ibi tí ẹ máa wọn nǹkan wọ̀nyí sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ibi tí ẹ̀yìn ọmọ adìẹ ga dé ni, ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè lẹ́bú pákó. Kì í ṣe ara ògiri, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù gangan. Bí sensor, ohun tí ẹ̀rọ fi ń mọ ooru, bá wà lábẹ́ gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn á máa yan án lójú ara rẹ̀, á ka 38 nígbà tí ibi tí àwọn ọmọ wà jẹ́ 29, á sì paná. Ẹ gbé e sí etí ibi tí ooru gílóòbù dé, láàárín ibi tí wọ́n ń sùn sí.

Ẹ tan gílóòbù ní ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó dé. Ilẹ̀ tó tutù máa ń fa ooru kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ gbóná tó.

Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ẹ wo àwọn fúnra wọn. Bí wọ́n bá dìpọ̀ sábẹ́ iná tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá mọ́ etí ògiri, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na apá sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Bí wọ́n bá fọ́n ká, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan sùn gbalaja, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà àti ọmọ adìẹ bá ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ adìẹ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Oníná Láfẹ́ńwá

Ẹ ṣé, Ẹlẹ́yẹ. Ó ku tèmi.

Gílóòbù mẹ́rin, 250 lọ́nà mẹ́rin, 1,000 watt. Lórí 230 volt, díẹ̀ lé ní ampere 4. STC-1000 tí wọ́n kọ 10A sí lára lè gbé e. Bí ẹ bá fi máa di gílóòbù mẹ́jọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni so ó tààrà mọ́ ọn. Contactor, súìṣì ńlá tó lè gbé iná tó pọ̀, ni kí wọ́n fi gbé gílóòbù, kí thermostat máa darí contactor. Relay kékeré tó ń gbé iná tó súnmọ́ òpin agbára rẹ̀ lóru mọ́jú lè lẹ̀ pọ̀, kí gílóòbù má kú mọ́. Ìyẹn náà ń pa ọmọ adìẹ.

STC-1000 yẹn ní sensor tó ní wáyà gígùn, ẹ lè gbé e dé ibi tí Ẹlẹ́yẹ sọ. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń tò nínú rẹ̀. F1 ni ooru tí ẹ fẹ́. F2 ni ìyàtọ̀: bí ẹ bá fi F1 sí 33, F2 sí 1, á tan iná nígbà tó bá já sí 32, á pa á nígbà tó bá dé 33. Ẹ má fi F2 sí kékeré jù, kò ní jẹ́ kí relay sinmi. F3 kò kàn yín, ìdúró ẹ̀rọ atutù ni. F4 lẹ fi ń tún un ṣe bí ó bá ń ka irọ́: ẹ gbé tẹmọ́mítà tó dájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo iye tí wọ́n fi yàtọ̀. Ó tún ní ojú kejì fún títutù, ẹ lè so fáànù mọ́ ọn kó máa lé ooru jáde lọ́sàn-án. Bí iná bá lọ tó dé, kì í gbàgbé ohun tí ẹ tò.

Èyí tó ń lo Wi-Fi dára fún ohun kan: ó máa ń kọ ìtàn òru sílẹ̀. Ẹ jí, ẹ wò ó, ẹ rí i pé aago mẹ́ta ló já sí 27. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìbéèrè méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣé ó ṣì ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀? Bí iná bá lọ tó padà dé, ṣé ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, àbí ó ń dúró kí èèyàn tẹ̀ ẹ́? Èyí tó bá ń dúró, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Àti pé irú Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4GHz ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Bí rọ́tà bá wà ní pálọ̀ tí ilé adìẹ wà lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé fóònù dé ibẹ̀ ná, kí ẹ rí i bóyá ó dé.

Ìyá Bùrọ́ílà

Ó yé mi dé ibi kan. Ohun tí Bàbá sọ ló ṣì wà lọ́kàn mi: bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? A ní ínfátà oníbátìrì 200Ah kan. Ṣé kò lè gbé gílóòbù mẹ́rin yìí di àárọ̀?

Oníná Láfẹ́ńwá

Kò lè gbé e, Ìyá wa. 12 volt lọ́nà 200 jẹ́ 2,400 watt-wákàtí. Bátìrì olómi, ẹ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. 1,200 ló kù. Gílóòbù yín ń jẹ 1,000 ní wákàtí kan. Wákàtí kan péré, ó ti tán. Ooru kì í ṣe iṣẹ́ bátìrì. Ẹ fi ínfátà gbé rọ́tà àti iná tí ẹ fi ń ríran, kí gáàsì gba ti ooru nígbà tí kò bá sí iná.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ nìyí: ohun tó máa jí yín lóru kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí iná kan náà ń gbé. Thermostat Wi-Fi ò lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Mo ṣe nǹkan kan fún oníbàárà mi kan ní Adígbẹ. Relay 230 volt kan, bátìrì kékeré kan, agogo ẹnu ọ̀nà kan. Bí iná bá wà, relay á fa apá rẹ̀ mọ́ra, ọ̀nà bátìrì sí agogo á gé. Bí iná bá lọ, apá á jábọ̀, ọ̀nà á so pọ̀, agogo á dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí fóònù níbẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kan fi súìṣì kan sí i tí ẹ fi máa pa á nígbà tí ẹ bá ti dìde.

Ẹ tún rántí pé iná lè wà kó má lágbára. Bó bá já sí 180 volt, gílóòbù 250 watt yín kò ju bí 170 lọ mọ́. Á tàn, ẹ̀yin á rò pé ó ń ṣiṣẹ́, ooru ò sì ní tó. Níbẹ̀ ni èyí tó ń lo Wi-Fi ti wúlò, torí pé ó lè ké sí fóònù nígbà tí ooru bá já.

Bàbá Èédú (Àṣẹ̀rò)

Agogo yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà ti dàgbà, oorun ń gbé mi lọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníná, ṣé o lè bá mi ṣe irú rẹ̀ fún èédú? Kí ó dún nígbà tí ooru bá já, kì í ṣe nígbà tí iná bá lọ.

Oníná Láfẹ́ńwá

Ó ṣeé ṣe, Bàbá. STC-1000 kan náà ni, tí a ó so agogo mọ́ ojú tó yẹ kí gílóòbù wà. Ẹ tò ó sí 30. Bó bá ti já sísàlẹ̀, agogo ló máa dún dípò kí gílóòbù tàn. Ínfátà ni kí ẹ fi gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí òkè tápólì yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ èédú lè máa jáde.

Ìyá Bùrọ́ílà

Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ bó ṣe lọ. Òní pé ọjọ́ kẹtàdínlógún tí àwọn ọmọ adìẹ dé.

STC-1000 ni mo rà. Owó tó yẹ kí n fi ra ti Wi-Fi, mo fi ra sílíńdà gáàsì kejì àti orí rẹ̀ tó ń mú ilé gbóná. Oníná fúnra rẹ̀ wá so ó, ó sì ṣe agogo náà. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Òru kejì, agogo dún. Mo wo aago: 1:40. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, òkùnkùn ti bò ó, àwọn ọmọ náà ti ń yí igbe wọn padà, igbe tín-ín-rín tí mo mọ̀ láti oṣù Keje. Mo tan gáàsì. Mo jókòó sórí garawa tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tú ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Iná ò dé títí aago mẹ́fà ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, torí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí aago mẹ́jọ alẹ́, iná wà, agogo ò dún, gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti pa. Ojú ẹ̀rọ ń fi 37 hàn. Mo ki ọwọ́ bọ inú lẹ́bú pákó lápá ọ̀tún, ó tutù. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń kó jọ. Mo wá tọ wáyà sensor lọ. Ọmọ adìẹ mẹ́fà tàbí méje ti sùn lé e lórí, wọ́n fi àyà bò ó bí ìgbà tí ìyá adìẹ sàba. Ooru ara wọn ni ẹ̀rọ ń kà. Ó rò pé gbogbo ilé ti gbóná.

Mo gé wáyà tí wọ́n fi ń ṣọgbà adìẹ, mo ká a bí agolo mílíìkì, mo fi bo sensor náà, mo sì fi òkúta kékeré dè é mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà wọn ò lè fara kàn án mọ́, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé sí i.

Nínú 300, 7 ló ti kú títí di òní. Mẹ́ta ti rẹ̀ láti inú páálí tí wọ́n fi gbé wọn wá.

Ẹlẹ́yẹ Àlàbàtà

Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ti sísùn lé sensor yẹn. Mo ti gbé èyí tèmi sínú àgò wáyà láàárọ̀ yìí. Òní ló pé ọjọ́ kẹtàdínlógún, ẹ ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta: ẹ sọ F1 kalẹ̀ sí 26 lálẹ́ òní, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe máa sùn kí ẹ tó wọlé.

Oníná Láfẹ́ńwá

Ìyá wa, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò ní ògiri fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbọ́ bóyá agogo ṣì ń dún. Bátìrì kékeré yẹn kì í sọ fún èèyàn kó tó kú.